Odò Tó Wà Lẹ́yìn Wa

Odò tí wọ́n fi ń ya gbogbo wa ní fọ́tò ní Amukoko kò sí ní Amukoko. Aṣọ ńlá kan ni, tí wọ́n tẹ àwòrán odò sí lára, tí ayàwòrán àdúgbò wa fi kọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé ń ṣàn bọ̀ láàárín àpáta méjì tó ga débi pé ẹni tó bá fẹ́ rí orí wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di fìlà rẹ̀ mú. Nísàlẹ̀, lẹ́bàá omi, òkúta dúdú kan yọrí síta. Lókè òkúta yẹn, afárá onígi kékeré kan dá odò kọjá. Lókè afárá, igi kan hù jáde lára àpáta gbígbẹ, mi ò mọ ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Lókè téńté, nǹkan funfun kan bo orí òkè. Àwa ọmọdé ní iyọ̀ ni. Ìyá mi, tó ń ránṣọ, ní òwú ni. Ìyàwó pásítọ̀ tó ń gbé lójúlé kejì sí wa ní ògo Ọlọ́run ni, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ta ló fẹ́ bá ìyàwó pásítọ̀ jiyàn?

Ará apá Délítà ni ayàwòrán náà. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń dáni lóhùn. Olè ti jí ẹsẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ gbé nígbà kan, nígbà tó sì ra òmíràn, ó fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá. Kámẹ́rà nìkan ló ń gbé lọ sílé. Nítorí pé ẹsẹ̀ kámẹ́rà kò lè sún síwájú, kò sì lè sún sẹ́yìn, ó fi ọ̀dà pupa fa ilà kan sílẹ̀ níwájú odò, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń dúró sí. Ìyàwó tuntun ni o, ọmọ jòjòló ni o, alága ìjọ ni o, orí ilà ni. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ bá kọjá ilà, á pariwo mọ́ ọ pé, "Leg for line!" Kò ní tẹ kámẹ́rà títí wàá fi ṣe bó ṣe wí. Ìdí nìyẹn tí gbogbo fọ́tò Amukoko nígbà náà fi jọra bí ọmọ ìyá.

Kí n má tan yín, omi tiwa gan-an kò ṣeé yà ní fọ́tò. Kánáálì ni, ó dúdú, ó ń rùn, bí òjò bá sì ti rọ̀ dáadáa, á wọlé wá kí wa láìkan ilẹ̀kùn. Gáàlọ́ọ̀nù la fi ń ra omi mímu. Síbẹ̀, kò sí ilé kan ládùúgbò wa tí kò ní fọ́tò odò mímọ́ gaara lára ògiri, pẹ̀lú àwọn onílé níwájú rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ níbẹ̀ tán.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí mo ti dàgbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní Wharf Road, awakọ̀ òkun kan wọlé wá jókòó de ọ̀gá wa. Montenegro ló ti wá. Ó ní Òkè Dúdú ni ìtumọ̀ orúkọ orílẹ̀-èdè àwọn. Ó pẹ́ kí ọ̀gá tó dé, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò inú fóònù rẹ̀ hàn mí kí àárò ilé má bàa sọ ọ́ jù. Odò ni, òkè ni, odò ni, òkè ni. Mo dédé kígbe. Omi aláwọ̀ ewé, àpáta méjì, nǹkan funfun lórí òkè! Mi ò lè búra pé odò wa gan-an ni, òun náà sì ní irú rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọwọ́ lásán ni òun fi ń bu ú mu. Mo sọ fún un pé ẹ̀bá irú odò yẹn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ó wò mí, ó wo Wharf Road lójú fèrèsé, pẹ̀lú tirélà àti eruku, ó rẹ́rìn-ín, kò sì bèèrè mọ́.

Ohun kan tó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo rò pé òkè ló là sí méjì kí odò tó rí ọ̀nà gbà. Ó ní rárá o, odò ló gé òkè. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gé e lọ sísàlẹ̀ títí ọ̀gbun náà fi jìn tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò ní rí i pé ó ń gé nǹkan kan. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi ìlú rẹ̀ yangàn. Èmi ń ronú nípa ìyá bàbá mi.

Ìyá àgbà kò kúrò ní ìlú wa ní Èkìtì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí òkè ni ìlú náà wà, odò kan sì ń gba àárín àpáta kọjá nísàlẹ̀ oko rẹ̀, kékeré ni tòun, kò sì sí iyọ̀ lórí òkè. Bàbá mi ló wá sí Èkó, ó ríṣẹ́ ní wáàfù Àpápá, ó ń bá wọn so okùn ọkọ̀ òkun mọ́lẹ̀, ó ń bá wọn tú u. Kí wọ́n tó bí mi, òun àti ìyá mi bí ọmọkùnrin kan. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yà á níwájú odò, pé wọ́n fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí ìyá àgbà, àti pé kò pẹ́ lẹ́yìn èkejì tí ọmọ náà fi ṣaláìsí. Ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ní ó ṣe é. Wọn kì í pe orúkọ rẹ̀ nílé wa. "Ẹni àkọ́kọ́" ni ìyá mi ń pè é, ìyẹn bó bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá.

Nígbà tí wọ́n wá bí mi, ìyá àgbà ránṣẹ́ láti orí òkè pé bí mo bá ti já lẹ́nu ọmú, kí wọ́n gbé mi wá fún òun. Ó ní omi Èkó kì í ṣe omi ọmọ. Ìyá mi sunkún débi pé bàbá mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó wọkọ̀ lọ sílé lọ dọ̀bálẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn sí i.

"Bí ọdún bá ti ń parí, ẹ máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi," ló wí. "Níwájú odò yẹn náà ni o. Lọ́dún tí mi ò bá rí ohun tí mò ń wò, èmi fúnra mi ni màá wá mú un."

Bàbá mi bọ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó sọ fún ìyá mi pé odò ló wọ màmá òun lójú, pé ó dà bíi pé wọ́n rò pé ẹ̀yìnkùlé wa ló wà. Kò purọ́ fún ìyá rẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Kò kàn ṣàlàyé ni.

Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Gbogbo ìparí ọdún, ìyá mi á wẹ̀ mí, á fi ìpara pa mí lára títí màá fi máa dán, a ó lọ dúró lórí ilà. Awakọ̀ tó ń ná Èkìtì ló ń bá wa mú fọ́tò lọ, òun náà ló sì ń mú èsì bọ̀. Èsì náà kì í yí padà: "Màmá ní àwọn ti rí i. Wọ́n ní ẹ ṣeun." Gbólóhùn yẹn ni ìyá mi fi ń mọ̀ pé òun ti gbà mí fún ọdún kan sí i. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ rẹ̀ láre.

Lọ́dún kan, mo ti wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ibà dá mi dùbúlẹ̀ nígbà òjò. Ó lọ, ó tún padà wá. Nígbà tí yóò fi fi mí sílẹ̀, ọrùn mi ti rí tín-ín-rín, egungun èjìká mi yọ. Ìyá mi, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó yá aṣọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, rán gáùn kan fún mi fún fọ́tò ọdún náà. Ó gùn dé ilẹ̀, ó gbórín, apá rẹ̀ wú bíi bọ́ọ̀lù. Inú rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹ lè fi ọmọ mìíràn kún mi.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, odò ti lọ. Aṣọ tuntun ló wà lára ògiri: àtẹ̀gùn funfun tó yípo lọ sókè, iná dígí ń fì lókè, kápẹ́ẹ̀tì pupa nílẹ̀. Ayàwòrán ń fi ìyẹ́ nu eruku ara rẹ̀ bí ẹni tó kọ́ ilé náà fúnra rẹ̀. "Na im dey reign now," ló wí.

Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kì í ṣe odò ni màmá ní àwọn fẹ́?"

"Odò ṣáá!" Bàbá mi ti ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Ta ni yóò rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí yóò tún máa bèèrè odò? Jẹ́ kí màmá náà rí i pé ọmọ àwọn ti ń gòkè."

Wọ́n yà mí lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo rẹwà, mo gbà. Gáùn náà bo ẹsẹ̀ mi, ó sì tú ká sílẹ̀ yí mi ká.

Nígbà tí awakọ̀ padà dé, kò mú èsì kankan wá. Ó ní màmá wo fọ́tò náà, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, wọ́n tún wo iwájú, wọn ò sì sọ nǹkan kan. Bàbá mi ní ayọ̀ ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọkọ̀ bá ti dúró níwájú ilé, ìyá mi á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí màṣíìnì, á na ọrùn.

Ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ni, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, nígbà tí ìyá àgbà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ awakọ̀ yẹn ní Sátidé kan. Ó gbé iṣu wá, ó gbé gàárì wá. Ó tún há àpò kan sí abíyá, àpò ńlá onísíìpù, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé àpò yẹn ló ń wò. Èmi náà kò gọ̀. Mo lọ sá sábẹ́ tábìlì màṣíìnì, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi. Mi ò fẹ́ gun òkè kankan. Ilé wa tó ń rùn ni mo fẹ́.

Wọ́n fà mí jáde. Ìyá àgbà gbé apá mi sókè, ó tẹ egungun èjìká mi. Èdè Èkìtì ló ń sọ, mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe yé mi ni. "Ó rù," ló wí. Ó wá yíjú sí bàbá mi: "Odò yẹn ńkọ́? Níbo ló wà?"

Bí bàbá mi bá ti sọ òótọ́ nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń fi odò yẹn gbéra ga. Ó ní kí wọ́n sinmi ná, pé ó di ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kó gbogbo wa gba Liverpool Road, láàárín àwọn tirélà tó tò gbọọrọ, títí a fi dé ibì kan tí èèyàn ti lè rí omi. Ó nawọ́ sí i pẹ̀lú ọkọ̀ òkun orí rẹ̀. "Màmá, omi wa nìyẹn."

Ìyá àgbà wò ó tẹ́rùn. Kò rí ọkọ̀ òkun rí, ó sì bèèrè bí wọ́n ṣe ń gun ibẹ̀. Ó wá ní, "Omi yìí tóbi, Ọlọ́run ló ni ín. Òun kọ́ ni mo bèèrè." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi bá tèmi dọ́gba. "Ọkọ mi, ìwọ lo máa ń dúró síbẹ̀. Mú mi lọ."

Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. "Mú wọn lọ."

Mo mú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán. Ọjọ́ Ìsinmi ni, èrò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń dúró de àtẹ̀gùn. Ìyá àgbà wo àtẹ̀gùn náà láti òkè dé ilẹ̀. Bàbá mi kò lè gbà á mọ́ra mọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú èrò pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Odò yẹn, aṣọ ni."

"Ta ló sọ pé kì í ṣe aṣọ?" ìyá àgbà wí. "Ẹ̀ẹ̀rùn dé, kò fà. Òjò dé, kò kún. Odò ti ẹ̀yin ará Èkó nìyẹn? Dìde, o ń ba aṣọ rẹ jẹ́."

Gbogbo èrò rẹ́rìn-ín, ayàwòrán sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ. Àfi bàbá mi, tó dìde tí kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ sí. Ìyá àgbà bi ayàwòrán léèrè ibi tó gbé aṣọ odò sí. Ó ní, "Màmá, e don old o, e don tear." Màmá ní kó ṣáà gbé e wá. Ayàwòrán fà á jáde lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọn eruku rẹ̀, ó kọ́ ọ sórí àtẹ̀gùn. Ibi tí wọ́n ti ká a ti ya gba ara igi inú àwòrán náà, iyọ̀ orí òkè ti pọ́n. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú wà ńbẹ̀, afárá wà ńbẹ̀.

Ìyá àgbà wá ilà pupa tó máa ń hàn nínú fọ́tò nílẹ̀ títí ó fi rí i. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n dúró síbẹ̀. Ó gbé etí gáùn mi sókè kó lè rí i pé gìgísẹ̀ mi kanlẹ̀. Ó wá lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sídìí kámẹ́rà lórí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ mọ́lẹ̀ yẹn, ó di ojú kan, ó ń wò mí.

Lẹ́yìn náà, ó tú ọ̀rá kan nídìí ìró rẹ̀, ó mú fọ́tò méjì jáde, ó na ọ̀kan sí bàbá mi. "Wo orí ọmọ yìí. Ibo ló dé?"

Ẹni àkọ́kọ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nìyẹn. "Ó bá òkúta dúdú dọ́gba," bàbá mi wí.

Ó na èkejì sí i. "Ọdún kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀ nìyí. Ibo ló dé?"

Bàbá mi wò ó. Òkúta dúdú náà ni. Aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn ọmọ náà nínú fọ́tò méjèèjì, kò sì tíì kéré jù fún un.

"Mo rí i lọ́jọ́ tí wọ́n mú un dé," ìyá àgbà wí. "Mo rí i pé ọmọ yìí kò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹnu sọ pé ọmọ kò dàgbà, ẹnu ẹni a máa ṣe é léṣe. Mo ní bóyá ọmọ tó ń fi ara balẹ̀ ni. Mo dákẹ́. Èmi nìkan ni mo rí i, mo sì dákẹ́." Ó gba fọ́tò náà padà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún. "Ìgbà tí wọ́n bí eléyìí, mo ní mi ò tún ní dákẹ́ mọ́. Ọdọọdún ni mò ń wo orí rẹ̀ lára àpáta. Ẹ wá gbé e sẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn tí n kò mọ̀ rí, ẹ fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wò?"

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó fi ìborí rẹ̀ bo ojú, ó ń sunkún. Bàbá mi, tó ń rí ọmọ yẹn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, kò rí i. Òun náà sọ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀: "Mi ò rí i, màmá. Mi ò rí i." Èmi ò mira. Mo rò pé bí mo bá mira, orí mi á lọ sílẹ̀, wọn á sì mú mi lọ.

"Nínú fọ́tò odò tó kẹ́yìn, abẹ́ afárá lo wà," ìyá àgbà wí fún mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sídìí kámẹ́rà, ó fi ọwọ́ bo ojú kan. "Lónìí, orí rẹ ti bo afárá." Ó nàró, ó di ìdí mú. "Ó rù, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ẹ máa bọ́ ọ."

Ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó wá dúró tì mí lórí ilà, ó sì sọ fún ayàwòrán pé kó yà wá. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná lórí èjìká mi. Ayàwòrán kò pariwo "Leg for line" lọ́jọ́ yẹn. Fọ́tò náà wà lọ́dọ̀ mi títí dòní. Orí ìyá àgbà kò ju ibi tí igi ti hù jáde lọ, èmi sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ọjọ́ kejì ló padà sókè. Ìyá mi ki iyọ̀ sínú àpò òfìfo náà, ó ki ọṣẹ, ó ki búrẹ́dì, ó ki aṣọ tó rán mọ́jú fún un, títí àpò fi kún bámúbámú. Mo dúró ti àpò náà, mi ò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi fa síìpù rẹ̀ pa, kí n lè fi ojú ara mi rí i pé kò sí aṣọ tèmi kankan nínú rẹ̀.